Má bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣàìsàn, ní kí wọ́n kó òògùn wọn wá

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́, mo ka ìbéèrè rẹ lálẹ́ àná, oorun sì dá lójú mi. O ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá fún obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Òwódé. O ń bèèrè bóyá fọ́ọ̀mù ìbéèrè nípa ìlera tó, àbí kí olúkúlùkù lọ gba ìwé dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, àti ta ni kó sanwó ẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Èmi náà ní fọ́ọ̀mù. PAR-Q+ tí wọ́n ṣètò ní Kánádà, tí àwọn kóòṣì ń lò káàkiri, ni mo tẹ̀ jáde. Ìbéèrè méje ni: ṣé dókítà ti sọ rí pé ọkàn rẹ ní ìṣòro tàbí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, ṣé àyà máa ń dùn ọ́, ṣé òyì ń kọ́ ọ, ṣé o ń lo òògùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tò ó sínú fáìlì bíi ti báǹkì. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Ọkùnrin kan dara pọ̀ mọ́ wa, ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó. Kò lo ìṣẹ́jú méjì lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Rárá, rárá, rárá, ó buwọ́ lù ú. Mo tún bi í lẹ́nu: "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín kì í ru?" Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo sì fọkàn balẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kùnà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kì í ṣe ìdáhùn, àdúrà ni. Bí o bá dárúkọ àìsàn fún àgbàlagbà ilẹ̀ wa, àfi bíi pé o ń ṣépè fún un. Ẹni tó ní i gan-an á ní kì í ṣe ìpín òun. Ọ̀rọ̀ "ọkàn" náà tún wà ńbẹ̀. Bí o bá bi ìyá kan bóyá ọkàn rẹ̀ ń ní ìṣòro, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́ Sátidé kẹta tó wá, ọyẹ́ mú, mo ní kí wọ́n máa sáré gun àtẹ̀gùn tí òǹwòran ń jókòó sí ní pápá. Ní ìgbà kẹrin, Bàbá dúró, ó di orí mú, ó ní ojú òun ń ṣú. Mo ní kó mu omi. Kí omi tó dé, ó ti wó lulẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kẹ̀kẹ́ Maruwa la fi gbé e. Èmi ni mo gbé orí ẹ̀ lé itan, ìtọ́ ẹ̀ ń dà sí mi lára, ó sì ń gbìyànjú láti sọ ohun kan tí n kò gbọ́.

A dé ọsibítù, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ra káàdì. Bàbá wà lórí bẹ́ńṣì, èmi wà lórí ìlà. Obìnrin tó ń ta káàdì ní òun ò ní ṣéńjì. Mo ní kó mú gbogbo owó náà. Ó ní òun kì í gba owó olówó, kí n lọ wá ṣéńjì níta. Àbúrò, mo sáré jáde lọ bẹ oníbúrẹ́dì! Nígbà tí wọ́n wá so ẹ̀rọ mọ́ Bàbá lápá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 210 lórí 120. Dókítà tó dé kò kí mi, ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ pa á." Mo gba fún un. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò bá ẹni tó ń ta káàdì wí?

Ìyàwó Bàbá dé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́. Amlodipine àti atenolol, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ló kún inú ẹ̀, wọn ò tíì já òmíràn rárá. Amlodipine mú ẹsẹ̀ Bàbá wú (ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀), ló bá dá gbogbo ẹ̀ dúró láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìyàwó mọ̀. Ẹni tó ń ta òògùn fún un mọ̀. Èmi tí mo ń lé e gun àtẹ̀gùn ni n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n Bàbá fi ọlọ́pàá mú mi. Mo fi fọ́ọ̀mù tí Bàbá buwọ́ lù hàn wọ́n, ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òyìnbó lo fi kọ ọ́. Ṣé o kà á fún un?" N kò kà á. Mo jókòó ńbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá yè é, àmọ́ ọwọ́ òsì ẹ̀ ò tíì padà bó ṣe wà.

Nítorí náà, fọ́ọ̀mù dára, ṣùgbọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo òògùn tí wọ́n ní nílé wá nínú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ń lò àti èyí tí wọ́n ti pa tì. Kò sẹ́ni tó máa rò pé o ń ṣépè. Ka orúkọ tó wà lára páálí. Bí o bá rí atenolol tàbí propranolol, má fi ìlùkìkì ọkàn díwọ̀n ẹni náà. Ìṣirò 220 tí a ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ẹ̀ yẹn, láti mọ iye tí ọkàn lè lù jù ní ìṣẹ́jú kan, á tàn ọ́ jẹ, torí òògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn sáré. Kó ṣáà lè sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Moduretic, òun náà òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń mú ni tọ̀ púpọ̀, omi lè tán lára ẹni náà nínú oòrùn oṣù kẹta. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tí ṣúgà rẹ̀ kò tó 100 mg/dL, gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn Lẹ́ńtì àti Ramadan, mo ń bá yín wí o! Bèèrè lọ́wọ́ wọn láràárọ̀ bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀, wọn ò ní sọ fún ọ fúnra wọn.

Genotype rọrùn, gbogbo èèyàn ló mọ tiẹ̀ torí ìgbéyàwó. SS kì í ṣe ẹni tí a ń lé sáré. AS náà lè ṣubú bí eré bá le jù nínú ooru.

Ti ìwé dókítà. Ẹnì kan mú ìwé wá bá mi pé ara òun le, wọ́n sì kọ déètì ọjọ́ Àìkú sí i. Ilé ìwòsàn ọ̀hún kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú! N ò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́. Má sì lé gbogbo èèyàn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn ACSM, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, pàápàá yí ìlànà wọn padà ní 2015, torí pé ìlọ-bọ̀ ọsibítù ń lé àwọn tí ara wọn le sá kúrò nídìí eré. Ẹni tí kò ní àmì kankan, tó fẹ́ máa rìn kíá, jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àyà ń dùn, tí òyì ń kọ́, tàbí tí bàbá ẹ̀ kú lójijì kó tó pé 55, ìyẹn ló ń lọ.

Ra ẹ̀rọ ìwọ̀n-ìfúnpá tìẹ, ti apá, má ra ti ọrùn ọwọ́. Kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni obìnrin fẹ́ràn jù lórí àga yẹn. Apá tó tóbi ń fẹ́ aṣọ ẹ̀rọ (èyí tí a ń wé mọ́ apá) tó tóbi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á máa parọ́ sókè. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dé 140 lórí 90, kó lọ rí dókítà, àmọ́ kó máa rìn. Bó bá dé 180 lórí 110, n kì í jẹ́ kó ṣe ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Bí orí fífọ́ tàbí àyà dídùn bá tún wà ńbẹ̀, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Mú ṣéńjì dání.

Áà, owó. Ẹ̀rọ wà lọ́rùn tìẹ, fi owó ìforúkọsílẹ̀ àwọn àkọ́kọ́ rà á. Àyẹ̀wò ọsibítù, ẹni tó ni ara ló ń sanwó ẹ̀, kí o sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ kìíní. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pàápàá tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kọ̀wé padà kí o tó fọwọ́ kàn án. Tìyẹn yàtọ̀.