Iyán Inú Ọ̀rá Ò Wọ Màmá Mi Lẹ́nu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Màmá mi wá láti Ìjerò wá tọ́jú ojú lọ́dọ̀ mi ní Adó-Èkìtì. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn. Mo ń gbìyànjú láti se oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn. Mo fi ẹ̀gúsí se ìsápá, ó kan gógó. Mo fi bùlẹ́ńdà ṣe iyán, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ni mo bá mú wọn lọ sílé oúnjẹ ńlá kan tó ní éèsì. Iyán inú ọ̀rá ni wọ́n gbé fún wa. Ẹran nìkan ni màmá jẹ, wọ́n ní àwọn ti yó. A délé tán, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ẹ̀kọ. Ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni? Ṣé kí n má mú wọn jáde mọ́?
Ọmọ Màmá, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú màmá. Máa mú wọn jáde o. Àmọ́ kí ọmọ Èkìtì fi iyán sílẹ̀ kó wá máa béèrè ẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ.

Ìsápá ná. Funfun ni kí o rà, kì í ṣe pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Bọ̀ ọ́, da omi rẹ̀ nù, fi omi tútù ṣàn án, fún un dáadáa, kí o tún un bọ̀. Tọ́ ọ wò kí o tó dà á sínú ẹ̀gúsí. Wọ́n lè sọ fún ọ lọ́jà pé kí o fi káún sí i. Òótọ́ ni pé káún ń pa kíkan, ṣùgbọ́n sodium tó wà nínú iyọ̀ ló wà nínú káún náà, ẹlẹ́jẹ̀ ríru ò sì nílò rẹ̀. Omi ni kí o fi bọ́ kíkan yẹn. Irú àti pánla ni kó gbé adùn ọbẹ̀. Kí o tiẹ̀ bi onírú bóyá ó fi iyọ̀ sí tirẹ̀.

Ní ti iyán, gígé ni bùlẹ́ńdà ń gé iṣu, ọmọrí odó ló ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí á fi fà. Omi tí o ń bù sí i kí abẹ lè yí tún ń dá kún lílẹ̀ yẹn. Bí o bá ṣì máa lò ó, ro iṣu gbẹ, lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe gbóná, kí o wá parí rẹ̀ nínú odó kékeré. Má fi iṣu tuntun ṣe é, omi inú rẹ̀ pọ̀. Bí o bá dé Ọjà Ọba, sọ fún oníṣu pé o fẹ́ gúnyán, á ṣà á fún ọ.

Ti ilé oúnjẹ yìí ló ká mi lára jù. Èmi náà ti mú ìyá mi lọ sírú ibẹ̀. Olóúnjẹ gbé iyán inú ọ̀rá wá láti inú kúlà. Ìyá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó le. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo iye tó wà lára ògiri, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti ń fi owó yẹn ra iṣu lọ́kàn: iṣu mélòó nìyẹn, ọjọ́ mélòó la ó fi jẹ ẹ́ nílé? Lójú tèmi, ohun tó gba oúnjẹ lẹ́nu màmá rẹ nìyẹn. Wọn ò bínú sí ọ rárá.

Wá búkà tí odó ti ń dún lẹ́yìnkùlé. Lọ lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá ń gún un lọ́wọ́. Lọ sanwó kí màmá tó jókòó, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ iye rẹ̀. Ẹ jókòó síta. Nínú éèsì, iyán á ti tutù kó tó dé ìdajì. Ní kí wọ́n bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá kí màmá fi fọwọ́. Ìwọ má bá wọn yan ọbẹ̀. Jẹ́ kí àwọn àti olóúnjẹ jọ sọ ọ́, kí wọ́n ṣí ìkòkò wò, kí wọ́n bi í ibi tó ti rí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí o di ẹran kan lọ sílé, bá wọn dì í, kí o má sọ pé ojú ń tì ọ́.