Ẹ BI KÓÒṢÌ: Kóònù Kì Í Na Ẹsẹ̀ Gba Bọ́ọ̀lù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Àwọn ọmọ méjìdínlógún ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ní ìtòsí Bẹẹrẹ, ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín ọdún 11 sí 14. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń to kóònù (àwọn àmì ṣóńṣó tí a ń tò sórí pápá) fún wọn, tí wọ́n ń da bọ́ọ̀lù gba àárín rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń dà á bọ̀, wọ́n sì ti yára débi pé orí mi máa ń wú bí mo bá ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá pàdé ẹgbẹ́ mìíràn, ẹni àkọ́kọ́ tó bá dúró níwájú wọn ló ń gba bọ́ọ̀lù. Kí ni mi ò ṣe tó?
— Akọ́nimọ̀ọ́gbá, Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ohun tí ẹ ṣe kò burú, kò tíì parí ni. Kóònù ń kọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ojú rẹ̀. Ibi tí ẹ gbé e sí ní agogo mẹ́rin náà ni ẹ ó bá a ní agogo mẹ́fà. Kì í na ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe bí ẹni tó ń bọ̀ kó tún fà sẹ́yìn. (Èmi náà tò ó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, sálúbàtà àwọn ọmọ gan-an ni mo fi ń ṣe kóònù, àṣìṣe kan náà ni mo sì ṣe fún odindi sáà kan.) Ọmọ tó bá ti bá kóònù ṣeré pẹ́, ilẹ̀ ni yóò máa wò, bẹ́ẹ̀ ìdí àti orúnkún ẹni tó ń dènà ló yẹ kó máa wò, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti mọ ibi tí ara ẹni náà ń lọ.

Ọ̀rọ̀ díríbù, ìyẹn dída bọ́ọ̀lù kọjá ẹni tó ń dènà, kò ju èyí lọ: bí ara adènà bá ti ń lọ sí òsì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ara rẹ̀ dúró kí ó tó lè padà sí ọ̀tún, àárín ìgbà kékeré yẹn sì ni ẹni tó ni bọ́ọ̀lù yóò fi kọjá. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọmọ láti fi èjìká tan adènà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ó rọra máa bọ̀, kí ó wá fò jáde lójijì. Ẹni tó bá ti ń sáré tete láti ọ̀nà jíjìn kò ní eré mìíràn tí yóò fi kún un. Bí ìṣísẹ̀ méjì sí adènà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀tàn náà, nítorí bó bá sún mọ́ ọn jù, wọn yóò fi ẹsẹ̀ yọ bọ́ọ̀lù, bó bá sì jìnnà jù, adènà yóò ti rí àyè dúró padà. Bí adènà bá sì dúró ní ìdábùú, tí ẹsẹ̀ kan wà níwájú, ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ iwájú yẹn ni kí ó gbà kọjá, kí onítọ̀hún lè yí gbogbo ara rẹ̀ kí ó tó lé e.

Ẹ rántí góòlù tí Jay-Jay Okocha gbá wọlé fún ẹgbẹ́ Eintracht Frankfurt lójú ẹgbẹ́ Karlsruhe ní Germany ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993. Oliver Kahn ni aṣọ́lé. Okocha kò kánjú rárá. Ó ń fa bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún, ó ń fà á sí òsì, ó sì ń dúró kí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ fi ara wọn sílẹ̀ kí ó tó tún yí i. Kò sí kóònù tó lè kọ́ ènìyàn ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìdánrawò, ẹ fa ìlà méjì tó jìnnà síra ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi ọmọ méjì sí àárín. Kí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù gbìyànjú láti fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dúró lórí ìlà tó wà lẹ́yìn adènà. Bí adènà bá gbà á, òun náà di ẹni tó ń lọ sí ìlà kejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí adènà máa rìn lásán, lẹ́yìn náà kí ó máa gba bọ́ọ̀lù tọkàntọkàn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, kí wọ́n sì sinmi dáadáa láàárín rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kò lè kọ́ ọgbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu mọ́ nígbà náà, kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó yẹ kó rí.

Ẹ má sì kọ́ wọn ní àrà rẹpẹtẹ. Garrincha, tó gba ife àgbáyé pẹ̀lú Brazil ní ọdún 1958 àti 1962, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń gbà kọjá. Àwọn adènà mọ ibi tó ń lọ. Ìgbà tí yóò lọ ni wọn kò mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Olùkọ́ rẹ̀ ń bínú pé kì í fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù, ó sì ti ń mú un jókòó síta. Ṣé kí n sọ fún un pé kó jáwọ́ nínú díríbù?
— Ìyá ọmọ, Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN: Rárá o, Màmá. Ibi tí yóò ti máa ṣe é ni kí ẹ bá a sọ. Níwájú ilé góòlù tiwọn, kí ó yára gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, nítorí bí wọ́n bá gbà á níbẹ̀, góòlù ni. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ pápá, nítòsí ilé àwọn alátakò, kí ó kojú adènà láìbẹ̀rù. Bí ó bá sì ti kọjá ẹnìkan, kí ó gbé orí sókè. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tiwa ní Shooting Stars náà ti gbá bọ́ọ̀lù. Kí ó má sì padà wá gé ẹni tó ti kọjá tẹ́lẹ̀. Àìsàn àwọn ọmọ wa nìyẹn: wọ́n kọjá adènà tán, wọ́n tún dúró dè é.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 13 ni mí. Bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ ni a ń gbá ní àdúgbò wa. Ṣé kò ní ba ẹsẹ̀ mi jẹ́?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Àpáta

ÌDÁHÙN: Kò ní bà á jẹ́, ọmọ mi. Bọ́ọ̀lù tó fúyẹ́ a máa sá lọ bí ènìyàn bá fi agbára kàn án, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀. Àmọ́ bọ́ọ̀lù gidi tí àwọn àgbà ń gbá wúwo tó gíráàmù 410 sí 450, kò sì ní lọ síbi tí o fẹ́ bí o bá kàn án bí ẹni tó ń kan fẹ́lẹ́lẹ́. Bí o bá rí ọ̀kan yá ní òpin ọ̀sẹ̀, lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ láti máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn, kí o tó pe ọ̀rẹ́ rẹ kan láti wá dúró níwájú rẹ.