Kí ló dé tí fáníìṣì fi pa àwọ̀ ilẹ̀ onípákó wa dà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. A ń tún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wa àgbà ṣe, ìrókò ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀. Nígbà tí káfíńtà ha á tán, ó mọ́ rúsúrúsú, inú gbogbo wa dùn. Ó wá fi fáníìṣì kun yàrá kan, ló bá pọ́n bí oyin. Àbúrò mi ní ayédèrú fáníìṣì ni. Ṣé a lè rí èyí tí kò ní pa àwọ̀ yàrá mẹ́ta tó kù dà?

Ìdáhùn: Ẹ kú àtúnṣe ilé, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kò fi hàn pé ayédèrú ni. Àwọ̀ tí ẹ rí lẹ́yìn tí wọ́n ha pákó kì í pẹ́ lójú rẹ̀.

Sáńpépà máa ń fi egbò tín-ín-tìn-ìn-tín sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì wà nínú wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á fọ́n káàkiri, pákó á wá dà bíi pé ó funfun. Fáníìṣì ló ń dí àwọn egbò náà tí àwọ̀ pákó gan-an fi ń jáde. Omi lásán pàápàá ń ṣe é. Ẹ fi àkísà tútù nu igun kan nínú yàrá tí wọn kò tíì kùn: àwọ̀ tí ẹ bá rí kí ó tó gbẹ ló sún mọ́ èyí tí fáníìṣì aláìláwọ̀ á fún yín. Bó bá gbẹ, ibẹ̀ kò ní jọ̀lọ̀ mọ́, kí káfíńtà fi sáńpépà kíkúnná pa á díẹ̀.

Èyí tó fi pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara fáníìṣì ló ti wá. Èyí tí wọ́n ń fi tínà pò, ìyẹn olóròró, ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì máa ń pọ́n sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Èyí tí wọ́n ń fi omi pò máa ń funfun nínú agolo, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ, kì í fi àwọ̀ púpọ̀ kún pákó. Òun ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń fẹ́. Ẹ rí i pé ti ilẹ̀ ni ẹ rà.

Ṣùgbọ́n ìrókò ni tiyín. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ha á, á mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án, á máa di búráùn, kò sì sí fáníìṣì tó lè dá a dúró pátápátá. Nítorí náà, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tún yàrá àkọ́kọ́ ha. Pákó àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ń tín-ín-rín sí i nígbàkígbà tí a bá ha á, ohun ìní ìdílé sì ni. Bí àwọn yàrá náà bá kọjú síra wọn, irú fáníìṣì kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn, kí àwọ̀ wọn má baà yàtọ̀.

Bí ó bá ṣì ń ṣe yín bíi ti olómi, ẹ fi oríṣi méjèèjì kun ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mejì mejì, kí ẹ wò ó lọ́sàn-án àti lábẹ́ iná kí ẹ tó ra ìyókù.

Ìrókò ní oje tí kì í jẹ́ kí fáníìṣì olóròró tètè gbẹ. Kí káfíńtà kọ́kọ́ fi tínà nu ún, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí iná má sì sí nítòsí. Kí ó bo imú bó bá ń ha á, nítorí eruku ìrókò ń da èémí láàmú. Fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn kò ní pọ́n bíi ti ìyókù.