Ṣé ẹlẹ́nu méjì ni ẹgbẹ́ elédè méjì?

ÌBÉÈRÈ: Swansea ní Wales ni mò ń gbé, ọdún kẹta mi nìyí. Wọ́n ní èmi tí mo jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lè dìbò níbí, wọ́n ní àwọn ìbejì mi tó pé ọmọ ọdún 16 náà lè dìbò. Mo wá ṣí ìkànnì ẹgbẹ́ Plaid Cymru, àwọn tó fẹ́ kí Wales dá dúró, mo sì bá èdè Wales àti Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ onílẹ̀, ọ̀tọ̀ lèyí tí wọ́n ń sọ fún àwa àlejò? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbẹ̀ lọ́nà òfin lè dìbò, àwọn ọmọ sì lè dìbò ti Senedd, ìyẹn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Wales, àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ti ilé aṣòfin gbogbo Britain ní London ló ń béèrè ọdún 18. Kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ni.

Ní ti èdè méjì, ọmọ Yorùbá ló yẹ kó fura. Ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ gbé jáde ní 1951 ń jẹ́ Action Group lédè Gẹ̀ẹ́sì, Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re lédè wa, ta ni ò sì mọ̀ pé ìkan kì í ṣe ìtumọ̀ ìkejì? Àwọn Basque ní Sípéènì ṣe irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn tó ti wà láti 1895 ń jẹ́ Partido Nacionalista Vasco lédè Sípéènì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀yà Basque lọ. Lédè tiwọn, Euzko Alderdi Jeltzalea ni, “Ọlọ́run àti òfin àtijọ́” ló sì fara pamọ́ sínú Jeltzalea yẹn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà á ka orúkọ yìí lójoojúmọ́, kò ní mọ̀ pé wọ́n dárúkọ Ọlọ́run.

Ti Plaid Cymru kò fara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀. “Ẹgbẹ́ Wales” lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀, ohun kan náà sì ni The Party of Wales tí wọ́n so mọ́ ọn ní 1998. Àdírẹ́sì ìkànnì wọn náà jẹ́ méjì: plaid.cymru fún èdè Wales, partyof.wales fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣirò ìbò ló bí èdè méjì yẹn. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Pwllheli ní 1925, èdè Wales ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, ọdún 1966 ni Gwynfor Evans tó di aṣòfin wọn àkọ́kọ́ ní London. Ìkànìyàn 2021 sì fi hàn pé àwọn tó ń sọ èdè náà kò pé 18 nínú ọgọ́rùn-ún: ní Gwynedd ní àríwá, wọ́n lé ní 64, ní Blaenau Gwent ní gúúsù, mẹ́fà péré. Ìjókòó mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà gbà nínú ìdìbò London ní 2024, ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, níbi tí èdè ti múlẹ̀, ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèjọba ní Cardiff, níbi tí Senedd wà, gbọ́dọ̀ wá ìbò dé àfonífojì ìhà gúúsù, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Leanne Wood, ọmọ Rhondda ní àfonífojì yẹn, tó jẹ́ olórí Plaid Cymru nígbà kan, ti dàgbà kó tó kọ́ èdè Wales; òun ló gba ìjókòó Rhondda ní Senedd lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Labour ní 2016.

Ẹ lè ní, kí wá nìdí èdè Wales, nígbà tí àwọn tó ń kà á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa? Ìdọ̀bálẹ̀ ni ẹ pè é. Àna yóò rí ọ láìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀ wò. (Lọ́dọ̀ wa, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin ìpolongo, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìlérí. Ẹ bá mi wo ìyẹn náà.)

Ibi tó yẹ kí ẹ ti la ojú rèé. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, Welsh. Èdè Wales ní méjì: Cymraeg jẹ mọ́ èdè, Cymreig jẹ mọ́ ilẹ̀ àti ènìyàn ibẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá lóun yóò náwó sí Welsh schools, ṣé gbogbo ilé-ìwé tó wà ní Wales ni, àbí èyí tí wọ́n ti ń fi èdè Wales kọ́ni nìkan? Gẹ̀ẹ́sì ò ní sọ fún yín. Bí ẹ bá rí ysgolion (ìyẹn ilé-ìwé) Cymraeg lódìkejì, ọ̀rọ̀ ti parí: ti èdè ni. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ti kó sí i rí. Mo tú ìwé pélébé kan láti Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ “àwọn ilé-ìwé Wales” gàdàgbà, kí n tó yí ìwé náà padà tí mo rí Cymraeg lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún un kọ látòkèdélẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ẹ wo owó àti iye tí wọ́n dá, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣáájú. Èmi kì í sábà wá irọ́ níbẹ̀. Ètò ni mò ń wò, nítorí ìlérí kan náà lè wà lókè níhìn-ín, kó wà nísàlẹ̀ pátápátá lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá lo Google Translate, ẹ tú èdè Wales sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ní kó tú u tààrà sí Yorùbá, kántankàntan ni yóò máa sọ.

Ẹ tilẹ̀ ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ju Google lọ nílé. Gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní Wales ló ń kọ́ ọmọ ní èdè náà títí dé ọdún 16. Ẹ gbé plaid.cymru fún Táíwò, ẹ gbé partyof.wales fún Kẹ́hìndé, kí wọ́n máa kà á síra wọn létí. Ibi tí wọ́n bá ti ń jiyàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ de olùdíje tó bá wá kan ilẹ̀kùn yín.