Ọkọ̀ Oníná ní Ìkòròdú: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Èbúté Ìkòròdú ni mo ń gbé, Màrínà ní Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni ibi iṣẹ́ mi wà. Owó epo bẹntiróòlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù mi tán. Ẹnì kan tí ó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ fi Nissan Leaf ti ọdún 2012, tí ó jẹ́ ọkọ̀ oníná, lọ̀ mí, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì ní n kò tún ní ya ilé epo mọ́. Ṣùgbọ́n èmi àti ìdílé mi máa ń lọ sí Ìlọrin ní ọdọọdún fún Iléyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á? — Òǹkàwé yín ní Èbúté.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Kì í ṣe pé ọkọ̀ oníná kò yẹ fún irú ìrìn àjò tí ẹ ń rìn lójoojúmọ́; ó yẹ fún un ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n fi lọ̀ yín yìí gan-an ni kò lè ṣe é, ohun tí yóò sì sọ bóyá òmíràn lè ṣe é ni iná tí ó wà ní ilé yín.

Láti Èbúté dé Màrínà, lílọ àti bíbọ̀ yóò tó nǹkan bíi 70 kìlómítà. Nígbà tí Leaf ti 2012 wà ní tuntun, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 24 kílówáàtì-wákàtí (èyí tí à ń pè ní yúnìtì lórí mítà iná), ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà sì fi hàn pé nǹkan bíi 117 kìlómítà ni ó lè rìn kí iná inú rẹ̀ tó tán. Láti ìgbà náà ni bátìrì ọ̀hún ti ń gbó. Bí ẹ bá jókòó sínú rẹ̀, ẹ wo apá ọ̀tún dáṣíbọọ̀dù: àwọn ìlà tí ó gùn níbẹ̀ ń sọ bí iná ti kún tó lónìí, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ìyẹn tàn yín. Àwọn ìlà tín-ín-rín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni kí ẹ kà. Méjìlá ni wọ́n nígbà tí ọkọ̀ wà ní tuntun, àkọ́kọ́ wọn kì í sì í kú àfi bí bátìrì bá ti pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Bí ó bá ku mẹ́jọ, ọkọ̀ náà yóò máa rìn bíi 75 kìlómítà. Bí wọ́n bá wá dí ọ̀nà ní Ọjọ́ta tí ẹ sì ní láti gba ibòmíràn, ojú títì ni iná yóò ti tán mọ́ yín lọ́wọ́.

Ooru ilẹ̀ wa tún jẹ́ ọ̀tá irú bátìrì yìí, nítorí pé Leaf kò ní omi tí ń tu bátìrì lára bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná mìíràn ti ní. Ní ọdún 2012, àwọn tí wọ́n ni Leaf ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú gidigidi, ké gbàjarè pé ìlà ń kú lójú àwọn kí ọkọ̀ tó gbó rárá. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ẹ wò ni èyí tí bátìrì rẹ̀ tó 40 kílówáàtì-wákàtí sókè. Leaf ti 2018 ní irú rẹ̀, ó sì lè rìn tó 240 kìlómítà ní tuntun. Hyundai Kona tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 64 lè kọjá 400. Irú wọn yóò gbé yín lọ sí Màrínà, yóò sì gbé yín padà láìsí ìfòyà.

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Máìlì Méjìlá àti Kẹ́tu, tí ó ń jẹ epo bẹntiróòlù ní àjẹrun, kò fi bẹ́ẹ̀ pa ọkọ̀ oníná lára. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, mọ́tò inú rẹ̀ náà dúró ni; ẹ́sì, iná iwájú àti rédíò nìkan ni yóò máa fa iná. Nígbà tí ẹ bá sì ń dẹ eré, mọ́tò yẹn yóò yí padà di amúnáwá, yóò máa dá díẹ̀ padà sínú bátìrì. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ oníná fi máa ń lọ jìnnà nínú ìlú ju ojú ọ̀nà márosẹ̀ lọ, tí ọkọ̀ epo sì ń ṣe òdì kejì rẹ̀.

Ó wá ku iná. Ìrìn 70 kìlómítà yóò jẹ nǹkan bíi yúnìtì 12, pẹ̀lú èyí tí ó ń ṣòfò nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba iná. Láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni yóò gbà. Bí àdúgbò yín bá wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán 20 wákàtí lóòjọ́ fún, kò sí wàhálà: owó yúnìtì kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 225 náírà ní oṣù kẹrin ọdún 2024, rọ̀ sí nǹkan bíi 209 lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹ ó ná bíi 2,500 náírà lóòjọ́. Ọkọ̀ epo tí ó ń mu líta méje fún ìrìn kan náà yóò gba 6,300 náírà lọ́wọ́ yín bí líta kan bá jẹ́ 900. Ṣùgbọ́n bí iná ọba kò bá wá ju wákàtí díẹ̀ lọ lálẹ́, ìṣirò yìí ti bàjẹ́. Ó máa ń dùn wá púpọ̀ pé ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbin, tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì, wà nítòsí wa níbí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú ń sùn nínú òkùnkùn, nítorí pé okùn iná gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń wọ̀.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀. Líta epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í mú ju yúnìtì méjì sí mẹ́ta wá, nítorí náà yúnìtì 12 yóò gba bíi líta márùn-ún, èyí tí kò jìnnà sí ohun tí ọkọ̀ epo ìbá mu. Ẹni tí ó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sínú ọkọ̀ kò tíì kúrò ní ilé epo. Sólà dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá ń ràn, Màrínà ni ọkọ̀ yín wà, àfi kí ẹ ní bátìrì ilé tí yóò bá yín tọ́jú iná ọ̀sán di alẹ́. Bí ilé àyágbé ni ẹ sì ń gbé, ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀: wáyà tí ó nípọn, tí ó ní breaker tirẹ̀, tí wọ́n sì ri earth rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ni kí oníṣẹ́ iná fà síbi tí ọkọ̀ yóò máa dúró sí. Wáyà tí a ń gba ojú fèrèsé kó jáde lè gbóná títí yóò fi gbiná.

Ní ti Ìlọrin, bíi 270 kìlómítà ni láti Ìkòròdú, bí a bá gba Ṣàgámù, Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Eré àsápajúdé ń fa iná púpọ̀, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ta ko ọkọ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Leaf tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 lè má dé Ògbómọ̀ṣọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ní Ìbàdàn kò ní fún yín ju ìrìn kìlómítà 10 sí 15 lọ fún wákàtí kan. Ní Nọ́wè, níbi tí nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà ní 2024 ti jẹ́ oníná, ẹ̀rọ tí ń yára fún ọkọ̀ ní iná wà káàkiri ọ̀nà jíjìn. Tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni agbára yín ká, ẹ ra Toyota hybrid tí ń lo epo àti iná pọ̀. Kò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í mu epo púpọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ, yóò sì gbé yín dé Ìlọrin.

Ìbéèrè: Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni a ń gbé. Bí wọ́n bá ṣí ìsédò Ọ̀yán, omi máa ń ya wọ àdúgbò wa. Ọmọ mi ti ra ọkọ̀ oníná, ẹ̀rù sì ń bà mí kí iná má lọ gbé e nínú omi. — Ìyá kan.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màmá. Wọ́n dí bátìrì ọkọ̀ wọ̀nyí pa, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì máa ń gé iná bí ó bá fura pé iná ń jò, nítorí náà òjò àti omi ojú títì kì í ṣe ewu. Ewu wà bí omi bá mu ọkọ̀ wọ inú. Nígbà náà, kí ó má ṣe tan án, kí ó má sì fi gba iná. Kí wọ́n fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé e lọ sí gbangba, jìnnà sí ilé. Lẹ́yìn ìjì Ian ní Florida ní ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná kan tí omi òkun bò gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà. Omi oníyọ̀ ló burú jù, ti odò sì ṣì ń fẹ́ ìṣọ́ra. Bí ìjọba bá ti kéde pé omi ń bọ̀, kí ó tètè gbé ọkọ̀ lọ síbi gíga.

Ìbéèrè: Ṣé rewáyà àdúgbò mi lè tún ọkọ̀ oníná ṣe? — Agric, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ó lè ṣe iná iwájú, gíláàsì àti bátìrì kékeré oní-12 volt tí ó wà nínú rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ yòókù. Ọkọ̀ yìí kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ń pààrọ̀, bíréékì rẹ̀ sì ń pẹ́ kí ó tó jẹ. Ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan wáyà tí ó ní àwọ̀ ọsàn, nítorí pé iná ibẹ̀ tó èyí tí ń pa ènìyàn. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ oníná nìkan ni kí ẹ jẹ́ kí ó ṣí i.