Ẹṣin Mọ̀nà Ilé, Kẹ̀kẹ́ Ò Mọ̀ Ọ́n

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Onímọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọ́n lè mú èèyàn níbẹ̀ tó bá mutí yó gun ẹṣin. Àbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹṣin ṣáà mọ̀nà ilé. – Ìyá Ẹlẹ́mu, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ọmọ yín ò purọ́. Òfin ọdún 1872 ni. Ẹni tó bá yó, tó wá ń da ẹṣin tàbí màlúù lójú títì, wọ́n lè mú un. (Màlúù kẹ̀!) Nígbà náà, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 40 ṣílè, tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù kan jura. Kẹ̀kẹ́ ológeere náà ní òfin tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Kẹ̀kẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí mò ń wa bọ́ọ̀sì Adó sí Ìkéré, mo bá adẹ́mu kan lọ́nà, kèrègbè méjì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti tọ́ ọjà rẹ̀ wò kọjá ààlà. Mo tẹ fèrè, ó juwọ́ sí mi bí ọba, ló bá kó sí gọ́tà. Ẹmu bò ó lórí, ó ń hó yaya. Mo sáré fà á dìde. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kèrègbè kejì ńkọ́?"