Láti NCE dé Yunifásítì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́), Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Ṣágámù. Mo fẹ́ máa kọ́ àwọn olùkọ́ ní yunifásítì. Ibo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry ti JAMB; NCE yín lè mú yín wọ 200 level (ọdún kejì) ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun tàbí ti Àgọ́-Ìwòyè. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ni kí ẹ mú, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lásán. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ yìí, M.Ed. (oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni) ló kàn, kí Ph.D. (oyè ọ̀mọ̀wé) tó dé. Àkòrí ìwádìí tó fẹ̀ jù lè fa Ph.D. sẹ́yìn. Inú kíláàsì yín ni kí ẹ ti mú tiyín: kí ló dé tí ọmọ JSS 2 ń kàwé ketekete, tí kò lè sọ ohun tó kà? Ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ wọn láti ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ òbí àti ọ̀gá ilé ìwé kí ẹ tó lò ó fún ìwádìí.